Òkúta Wẹ́wẹ́ Tiwa Yàtọ̀ sí Ti Aṣálẹ̀: Ẹ Mọ Ilẹ̀ Yín Kí Ẹ Tó Ra Ajílẹ̀



Ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbẹ̀ máa ń bi àwa òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn lemọ́lemọ́: "Ilẹ̀ mi kún fún òkúta wẹ́wẹ́. Ajílẹ̀ wo ni kí n fi sí i?" Ìbéèrè náà rọrùn létí, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn. Èrò tèmi ni pé kò sí ẹni tí ó lè dáhùn rẹ̀ bí ó ti yẹ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ béèrè ohun méjì: irú òkúta wo ni ó wà nínú ilẹ̀ náà, báwo sì ni òjò tí ó ń rọ̀ síbẹ̀ lọ́dún ti pọ̀ tó? Ẹni tí ó bá dárúkọ ajílẹ̀ fún yín kí ó tó béèrè nǹkan méjèèjì yìí, ọjà ni ó ń tà. Ìmọ̀ràn kọ́ ni ó ń fún yín.

Mo ní ìdí tí mo fi sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láyé àwọn baba wa, ìmọ̀ràn lórí iṣẹ́ oko kì í ti ọ̀nà jíjìn wá. Ọ̀dọ̀ òbí ẹni tàbí ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni a ti ń gbà á, ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì jọ ń ro. Lóde òní, ìmọ̀ràn ń ti ilẹ̀ òkèèrè wọlé. Ó ń wá lórí fóònù, ó ń wá lára àpò ajílẹ̀, ó sì ń wá lẹ́nu oníṣòwò. Nínú irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀, èyí tí a kọ fún ilẹ̀ gbígbẹ wà níbẹ̀, níbi tí ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́ ti kún fún kálísíọ̀mù, èyíinì ni ohun tí ó wà nínú egungun, nínú èèpo ẹyin àti nínú ìkarahun ìgbín. Bí àgbẹ̀ Ìwó tàbí Ìsẹ́yìn bá gbé irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lé ilẹ̀ tirẹ̀, oògùn tí ó wo ilẹ̀ ọ̀hún sàn lè pa ilẹ̀ tirẹ̀ lára. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ wo ilẹ̀ aṣálẹ̀ náà dáadáa, kí a sì wo tiwa lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ilẹ̀ aṣálẹ̀ ṣe ń di ilẹ̀

Ẹ fi ojú inú wo ibi tí òjò rẹ̀ kì í tó mílímítà 250 lọ́dún. Irú rẹ̀ wà ní àwọn apá aṣálẹ̀ Arizona àti Nevada ní Amẹ́ríkà. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí, Agadez wà ní orílẹ̀-èdè Niger, ní ẹsẹ̀ òkè Aïr, níbi tí òjò ọdún kan kì í sábà tó mílímítà 200. Ní irú ibẹ̀, òjò lè má rọ̀ fún oṣù púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá rọ̀, pẹ̀lú agbára ni. Àgbàrá a ṣàn sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, a wọ́ òkúta, iyanrìn àti ẹrẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, a sì dà wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ohun tí àgbàrá dà sílẹ̀ yìí a tẹ́ rẹrẹ bí abẹ̀bẹ̀ tí a ṣí sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ kálísíọ̀mù bẹ̀rẹ̀. Ó ń wá láti inú òkúta tí ń jẹrà, ó sì ń wá nínú eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri. Òjò díẹ̀ tí ó rọ̀ yọ́ ọ, ó sì gbé e wọlẹ̀ níwọ̀n ẹsẹ̀ kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n omi náà kò pọ̀ tó láti gbé e dé odò. Oòrùn àti gbòǹgbò fa omi náà gbẹ, kálísíọ̀mù sì kù síbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí i bí ohun funfun tí ó lẹ̀ mọ́ òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ kíyè sí i pé abẹ́ òkúta ni ó sábà máa ń lẹ̀ mọ́, nítorí abẹ́ òkúta ni omi ń rọ̀ dúró sí kí ó tó gbẹ. Lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, òkúta, iyanrìn àti ohun funfun náà lè so pọ̀ mọ́ra di pẹpẹ líle kan nínú ilẹ̀, bí ìgbà tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilẹ̀ yàrá.

Ìwà irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ hàn gbangba. Ewé jíjẹrà kò pọ̀ nínú rẹ̀. Omi a máa tètè gba àárín òkúta rẹ̀ kọjá, bí kò bá kan pẹpẹ líle yẹn. Kò kan rárá, ṣe ni ó dà bí omi eérú. Àwọn onímọ̀ a máa fi iye wọn kíkan ilẹ̀. Iye 7 ni àárín. Ilẹ̀ tí iye rẹ̀ bá kéré sí 7 ni a ń pè ní ilẹ̀ tí ó kan, èyí tí ó bá sì ju 7 lọ ń lọ sí ọ̀nà ti omi eérú. Ilẹ̀ aṣálẹ̀ tí ó kún fún kálísíọ̀mù sábà máa ń wà láàárín 7.5 sí 8.5. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, irin àti síǹkì lè pọ̀ nínú ilẹ̀ síbẹ̀ kí gbòǹgbò má rí wọn mu. Ewé tuntun a pọ́n yẹ́lò nígbà tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí àgbẹ̀ bá fi ajílẹ̀ kó wá, kálísíọ̀mù a dè é mọ́lẹ̀.

Ẹni tí kò bá dé aṣálẹ̀ rí lè rí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí nínú ilé ìdáná. Káún tí àwọn ìyá wa fi ń se ewédú àti ẹ̀wà, agbègbè Adágún Chad jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ibi tí a ti ń wà á. Sódíọ̀mù ni ó wà nínú káún, kì í ṣe kálísíọ̀mù, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì gbà kóra jọ: omi gbẹ, ohun tí omi gbé wá kù sílẹ̀. Kí ló dé tí a kò fi ń wa káún ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Oǹdó? Òjò ti fọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ sínú odò, odò sì ti gbé e lọ sí òkun. Níbi tí òjò bá ti kéré, iyọ̀ ilẹ̀ a dúró. Níbi tí òjò bá ti pọ̀, a máa bá omi lọ.

Òkúta tiwa, láti Idu dé Ìwó

Ẹ wá jẹ́ kí a wo ọ̀dọ̀ tiwa. Níbí ní Idu, ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Àbújá, níbi tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ilẹ̀ oko àwọn Gbagyi, tí àwọn ará wa ń pè ní Gwari, ni ó wà kí ó tó di agbègbè ilé-iṣẹ́ àti ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí ń lọ sí Kàdúná láti 2016. Ibi tí a bá ti gbẹ́ ilẹ̀ kí a lè la ọ̀nà, òkúta wẹ́wẹ́ pupa ni a máa ń rí ní abẹ́ ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ orí rẹ̀. Àpáta tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ yìí jẹ́ ẹ̀yà àpáta àtijọ́ kan náà tí ó yọ sókè ní Olúmọ ní Abẹ́òkúta àti ní Ìdànrè. Òjò Àbújá a máa wà láàárín mílímítà 1,200 sí 1,500 lọ́dún, ti Ìbàdàn náà kò sì jìnnà sí i. Nítorí náà, ilẹ̀ òkè Idu àti ilẹ̀ òkè Ìwó jẹ́ ìbátan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrìn wákàtí púpọ̀ ni ó wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó bá ilẹ̀ Agadez tan nínú méjèèjì.

Irú òkúta wẹ́wẹ́ méjì ni ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wa. Èkíní ni òkúta funfun líle tí ń dán, tí ó kù sílẹ̀ nígbà tí àpáta jẹrà, nítorí òun ni ó le jù lára àpáta náà. Èkejì ni yangí wẹ́wẹ́, tí ó pupa tàbí tí ó dúdú díẹ̀. Òjò tí ó ti ń fọ ilẹ̀ wa láti ìgbà láéláé ti kó púpọ̀ nínú kálísíọ̀mù lọ. Irin ni kò rí kó lọ. Irin náà dípẹtà, ó sì le, òun ni ó di yangí. Ẹ kíyè sí i nígbà náà: ohun tí ó so òkúta aṣálẹ̀ pọ̀ ni ohun náà gan-an tí ilẹ̀ wa ti pàdánù, ohun tí ó sì so yangí pọ̀ ni ohun tí ó ṣẹ́kù fún wa.

Ìyàtọ̀ kejì tún wà. Ní aṣálẹ̀, àgbàrá ni ó gbé òkúta náà wá. Ní ọ̀dọ̀ wa, orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú òkúta náà ti ṣẹ̀. Ilẹ̀ kíkúnná tí ó bo òkúta náà mọ́lẹ̀, iṣẹ́ ekòló àti ikán wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń gbé erùpẹ̀ kíkúnná láti ìsàlẹ̀ wá sókè díẹ̀díẹ̀, wọn kò sì lè gbé òkúta, nítorí náà òkúta ń kù sí ìsàlẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Nye ṣe ìwádìí lórí èyí ní agbègbè Ìbàdàn, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ ní 1954 àti 1955. Ẹni tí ó bá ti wo ọ̀gán dáadáa rí mọ̀ pé òótọ́ ni: a kì í bá òkúta ńlá nínú ọ̀gán.

Ní 1962, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ méjì, Smyth àti Montgomery, tẹ ìwé jáde lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, orúkọ ìlú àti abúlé wa ni wọ́n sì fi sọ oríṣiríṣi ilẹ̀ tí wọ́n rí. Ilẹ̀ Ìwó ń ti inú àpáta tí hóró rẹ̀ tóbi jáde, òkúta sì wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Ẹgbẹ́dá náà ní òkúta, ṣùgbọ́n amọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ ju ti Ìwó lọ. Ilẹ̀ Ìtagunmódì, ní ìhà Iléṣà, ti inú àpáta dúdú jáde, ó pupa gan-an, ó sì jẹ́ ilẹ̀ kòkó tí ó dára. Ilẹ̀ Gàm̀bàrí ni ó ní pẹpẹ yangí líle nínú. Ilẹ̀ Àpòmù jẹ́ iyanrìn tí ó wà ní ẹsẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ilẹ̀ Jago sì ni ti àfonífojì, níbi tí omi ti ń gbé erùpẹ̀ dà sí. Nítorí náà, ilẹ̀ tí omi gbé wá ní ọ̀dọ̀ tiwa, àkùrọ̀ ni, ó rọ̀, ó sì tutù. Ibi tí a bá ti bá òkúta ní aṣálẹ̀, ibẹ̀ náà ni a ó ti bá ilẹ̀ tí omi gbé wá. Ní ọ̀dọ̀ wa, òkúta wà lókè, ilẹ̀ tí omi gbé wá sì wà ní ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ yóò gbin ohun tí kò yẹ sí ibi tí kò yẹ.

Àpò kan náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àpò àgbẹ̀ nìyí. Ẹ jẹ́ kí a mú ajílẹ̀ kan, sọ́féètì àmóníà, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ajílẹ̀ yìí a máa mú kí ilẹ̀ kan sí i. Ní aṣálẹ̀ tí ó kún fún kálísíọ̀mù, oore ni èyí jẹ́, nítorí ilẹ̀ ọ̀hún ti jìnnà sí kíkan jù. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ tilẹ̀ a máa da imí-ọjọ́ sí ilẹ̀ kí ó lè kan díẹ̀, kí gbòǹgbò lè rí irin àti síǹkì mu. Bí a bá da àpò kan náà sí ilẹ̀ olókùúta tiwa lọ́dọọdún láìsinmi, a ó máa fi kíkan kún ohun tí òjò ti ń sọ di kíkan tẹ́lẹ̀. Ní ọdún kìíní, àgbàdo yóò dúdú, inú àgbẹ̀ yóò sì dùn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ilẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí kọ ajílẹ̀, àgbẹ̀ yóò sì máa rò pé ajílẹ̀ ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Yúríà náà a máa mú ilẹ̀ kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ kò tó ti sọ́féètì.

Ẹ wo fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pẹ̀lú. Kálísíọ̀mù ni ó ń dè é mọ́lẹ̀ ní aṣálẹ̀. Ní ilẹ̀ wa tí ó pupa gan-an, irin ni ó ń dè é. Àìsàn náà jọra lójú, nítorí irúgbìn méjèèjì yóò ràn, ṣùgbọ́n ohun tí ó fà á yàtọ̀, ìwòsàn rẹ̀ kò sì lè jẹ́ ọ̀kan.

Ẹlòmíràn lè wá wí pé: "Bí ó bá jẹ́ pé kálísíọ̀mù ni òjò ti kó lọ, ẹ jẹ́ kí a ra òkúta ẹfun lílọ̀, kí a dà á sílẹ̀ wìtìwìtì." Mo rọ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ wa ni ó kan tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ igbó tàbí tí ó ti sinmi pẹ́, pàápàá ní agbègbè kòkó, sábà máa ń wà ní tòsí 6, kò sì fẹ́ òkúta ẹfun kankan. Bí a bá dà á sí i ju bí ó ti yẹ lọ, ọwọ́ ara wa ni a fi sọ ilẹ̀ náà di ti aṣálẹ̀: síǹkì yóò sá fún gbòǹgbò, ewé àgbàdo yóò sì máa fá ìlà funfun. Òkúta ẹfun wà ní ilẹ̀ Yorùbá lóòótọ́. Ní Ewékorò ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ṣe sìmẹ́ǹtì ní 1960, ó sì wà ní Ṣágámù pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kí òkúta ẹfun wà ní ìsàlẹ̀ kò sọ pé ilẹ̀ orí rẹ̀ ní kálísíọ̀mù tó. Bákan náà, púpọ̀ nínú ẹfun tí a ń tà lọ́jà jẹ́ amọ̀ funfun. Kò lè mú kíkan kúrò nínú ilẹ̀.

Àyẹ̀wò tí ẹ lè ṣe fúnra yín

Ẹ bu erùpẹ̀ gbígbẹ ẹ̀kún ṣíbí kan, ẹ kán fínígà sí i. Bí ó bá hó tí ó sì yọ ìfófòó, òkúta ẹfun tàbí ìkarahun wà nínú rẹ̀. Lórí ilẹ̀ òkè tiwa, kò ní hó, àfi ibi tí a bá ti da eérú, ìkarahun tàbí sìmẹ́ǹtì sí. Ilẹ̀ aṣálẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yóò hó lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ má hó kò sọ pé ó kan jù. Ohun tí ó sọ ni pé ìmọ̀ràn tí a kọ fún ilẹ̀ tí ń hó kì í ṣe tiyín.

Àyẹ̀wò kejì ni mo kà sí pàtàkì jù, òun sì ni àwa onímọ̀ máa ń gbójú fò. Nígbà tí erùpẹ̀ yín bá dé ilé àyẹ̀wò, ohun àkọ́kọ́ tí a ó ṣe ni pé a ó fi asẹ́ sẹ́ ẹ, a ó sì ju gbogbo òkúta tí ó bá ju mílímítà 2 lọ nù. Ilẹ̀ kíkúnná tí ó kù nìkan ni a ó yẹ̀ wò. Èsì tí ẹ ó gbà yóò dára létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oko yín ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Irúgbìn yín kò sì dàgbà nínú asẹ́ wa. Àárín òkúta tí a jù nù yẹn ni ó wà.

Nítorí náà, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ dé ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ kó erùpẹ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì wọn kìlógírámù 10 nínú rẹ̀. Ẹ fi asẹ́ tí ihò rẹ̀ kò tóbi ju orí ìṣáná lọ sẹ́ ẹ. Ẹ wọn òkúta tí ó kù lórí asẹ́. Bí ó bá jẹ́ kìlógírámù 4, ilẹ̀ tí ń bọ́ irúgbìn yín jẹ́ 6 nínú 10. Ohun méjì ni èyí kọ́ wa. Èkíní, bí ẹ bá nílò òkúta ẹfun, iye tí a ṣírò fún ilẹ̀ tí kò ní òkúta yóò pọ̀ jù fún yín. Ẹ dín in kù sí 6 nínú 10. Èkejì, ilẹ̀ yín kò lè di ajílẹ̀ púpọ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ebi ajílẹ̀ tí ń pa àgbàdo kò dín kù nítorí òkúta, ṣùgbọ́n àwo tí a fi ń bu oúnjẹ rẹ̀ ti kéré. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí òjò kan má baà gbá gbogbo owó yín lọ.

Àyẹ̀wò kẹta ni kí ẹ gbẹ́ ihò kan tí yóò dé àyà yín kí ẹ tó gbin igi tí yóò pẹ́. Ẹ wo ibi tí òkúta ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gbòǹgbò lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí ó bá ti so pọ̀ di pẹpẹ, tí ọkọ́ kò sì ràn án, ẹ má gbin kòkó síbẹ̀, nítorí ọ̀gbẹlẹ̀ àkọ́kọ́ ni yóò pa á. Kajú àti òtílí lè farada ilẹ̀ tí òkúta rẹ̀ pọ̀. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ a máa wọ́ nínú òkúta, nítorí náà ẹ kó ilẹ̀ kíkúnná jọ ṣe ebè gíga fún wọn. Kí ẹ fi ewébẹ̀ àti ìrẹsì sí àkùrọ̀.

Aṣọ ilẹ̀ ṣáájú àpò ajílẹ̀

Bí owó tí ó wà lọ́wọ́ yín kò bá tó fún ohun gbogbo, èrò mi ni pé bíbo ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ná an lé lórí. Ilẹ̀ olókùúta kì í pẹ́ gbóná, kì í sì í pẹ́ gbẹ, ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ orí rẹ̀ ni àgbàrá sì ń kọ́kọ́ kó lọ. Ilé-ìwádìí àgbáyé IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ṣe ìwádìí lórí irú ilẹ̀ wa yìí ní àwọn ọdún 1970. Wọ́n rí i pé bí a bá fi pòròpórò àti koríko bo ilẹ̀ níwọ̀n tọ́ọ̀nù 4 sí 6 lórí hẹ́kítà kan, àgbàrá kò ní rí ilẹ̀ kó lọ bí ti tẹ́lẹ̀, kódà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo mọ̀ pé tọ́ọ̀nù 4 kì í ṣe ẹrù kékeré. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó rọrùn: ẹ má sun pòròpórò; ẹ gé ewé Akíntọ́lá kí ó tó so èso, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀; ẹ gbin àgúnmániyè sí ààlà, kí ẹ máa gé ewé rẹ̀ sórí ebè. Eérú ilé ìdáná pẹ̀lú ní kálísíọ̀mù nínú. Ẹ fọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ibi tí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé ilẹ̀ kan. Ajílẹ̀ tí a bá fi sí orí ilẹ̀ tí ó ní aṣọ yóò ṣe é ní oore; èyí tí a bá fi sí orí ilẹ̀ ìhòòhò, odò ni yóò jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ típà

Mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Bí ìlú ti ń gbòòrò, àwọn onítípà ń wá yangí àti òkúta wẹ́wẹ́ tí a ó fi kún ọ̀nà àti ìpìlẹ̀ ilé. Wọ́n a máa sọ fún àgbẹ̀ pé, "Ilẹ̀ yìí kò dára fún oko, òkúta ni gbogbo rẹ̀." Àgbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé-ìwé a sì wo owó tí ó wà nílẹ̀. Èmi kò bú u, nítorí ẹni tí bàtà ń ta ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé kì í ṣe òkúta nìkan ni típà ń gbé lọ. Kí wọ́n tó kan òkúta, wọ́n ti kọ́kọ́ ha ilẹ̀ kíkúnná tí ekòló àti ikán fi ìran púpọ̀ kó jọ. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ó gbà láti há a kúrò, a kò sì rí ọjà tí a ti lè rà á padà. Ibi tí wọ́n bá gbẹ́, omi ni yóò dúró níbẹ̀ nígbà òjò, ilẹ̀ líle pupa ni a ó sì bá níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bí ipò bá fi dandan mú yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ibi tí irúgbìn ti ń ṣe dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ibi tí pẹpẹ yangí ti yọ síta. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kí a kọ́kọ́ ha ilẹ̀ orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí a sì dá a padà lẹ́yìn iṣẹ́. Àdéhùn ẹnu kò tó nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀bẹ̀ sí àwa onímọ̀ náà

Kò yẹ kí gbogbo ẹrù yìí wà ní orí àgbẹ̀ nìkan. Èrò mi ni pé gbogbo ìwé èsì àyẹ̀wò ilẹ̀ tí ó bá ti ilé-ìwádìí tàbí yunifásítì jáde gbọ́dọ̀ sọ ìdá òkúta tí a jù nù, kí ó sọ bí ilẹ̀ ti jìn tó kí a tó kan òkúta, kí a sì kọ ọ́ ní èdè tí àgbẹ̀ ń ka. Àwọn kan lè sọ pé èyí yóò fi iṣẹ́ kún iṣẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a kàn ní láti wọn ohun tí ó ti wà lórí asẹ́ tẹ́lẹ̀ kí a tó dà á nù ni. Títí di ìgbà tí èyí yóò fi di àṣà, ẹ̀yin fúnra yín ẹ béèrè rẹ̀. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ tí ó bá gba erùpẹ̀ yín pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn òkúta rẹ̀ fún mi."

Bí ẹ bá fẹ́ mú erùpẹ̀ wá fún àyẹ̀wò, ẹ bù ú ní ibi 10 sí 15 káàkiri oko kan náà, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ pò wọ́n pọ̀ nínú garawa tí ó mọ́, kí ẹ sì bu ìwọ̀n kìlógírámù kan nínú rẹ̀ pẹ̀lú òkúta rẹ̀ sínú àpò. Ẹ má ṣe ṣa òkúta kúrò nílé. Ẹ má pò ti àkùrọ̀ mọ́ ti òkè. Ẹ kọ orúkọ abúlé yín, ohun tí ẹ gbìn ní ọdún tí ó kọjá àti ajílẹ̀ tí ẹ lò sára àpò náà, kí ẹ sì gbé e fún òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí èsì lè dé ọwọ́ yín kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.

 Kí ilẹ̀ yín má ṣe kọ irúgbìn yín.